Ẹ̀yin pásítọ̀, ta ni pásítọ̀ yín? Bí a ṣe lè tọ́jú ọkàn wa nígbà tí nǹkan bá le

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ kan tí mo parí ìsìnkú, ìkẹta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, ọmọdé sì ni èyí tí mo ṣe gbẹ̀yìn yẹn. Mo ti gbàdúrà, mo ti di ìyá ọmọ náà mú, mo ti sọ̀rọ̀ ìtùnú, gbogbo èèyàn ń kí mi pé pásítọ̀ ẹ kú iṣẹ́ o, Olúwa á máa fún yín lókun. Mo wọ mọ́tò, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ẹ̀, ọwọ́ mi ò lè yí i. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí mo fi jókòó síbẹ̀, mi ò sunkún, mi ò gbàdúrà, mi ò ronú nǹkan kan, mo kàn ń wo sítíárìn níwájú mi títí ìyàwó mi fi wá kan gíláàsì, ó ní "Dádì, ṣé kò sí nǹkan?" mo ní "kò sí nǹkan kan jàre, mo kàn ń sinmi ni." Irọ́ ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo mọ̀ pé irọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù nígbà tó yá, pé ọkàn mi ń wó lọ, irọ́ ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi, èmi tí mo máa ń wàásù òtítọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Látìgbà yẹn mo ti bá ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi jókòó, ohun tí mo sì rí ni pé iṣẹ́ wa wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n dídá tí à ń dá a gbé ló ń ṣẹ́ wa lẹ́yìn. Torí náà tó bá jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo lẹ fẹ́ mú lọ nínú ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, ẹ mú èyí: ẹ wá ẹnì kan, ó kéré tán ẹnì kan, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ẹ kì í ṣe pásítọ̀ mọ́. Oorun o, ìsinmi o, àdúrà o, dókítà o, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti máa ń rọrùn. Mo ń sọ̀rọ̀ bíi pásítọ̀ torí òun ni mo mọ̀, àmọ́ ẹ̀yin alfa tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹrù kan náà là ń rù, ẹ̀yin náà sì mọ hadith tó sọ pé ara èèyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe yín

Rírẹ̀ wà, gbígbẹ wà, àìsàn náà wà. Tó bá rẹ̀ yín, tẹ́ ẹ sùn, tẹ́ ẹ jí tó ti lọ, kò sí wàhálà níbẹ̀. Gbígbẹ ni wọ́n ń pè ní burnout. Ní 1974 ni onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa ẹ̀, àwọn tó sì ń wò nígbà yẹn ni àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ní ilé ìtọ́jú ọ̀fẹ́, àwọn èèyàn bíi tiwa gan-an nìyẹn, tó jẹ́ pé wàhálà ẹlòmíì ni iṣẹ́ wọn. Ní 2019 Àjọ Ìlera Àgbáyé là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tó ń tinú iṣẹ́ wá ni, kì í ṣe àìsàn, wọ́n sì dárúkọ nǹkan mẹ́ta tá a fi ń mọ̀ ọ́n, okun tó tán, iṣẹ́ tó sú èèyàn tó fi ń sá fún un nínú ọkàn ẹ̀, àti kó máa ṣe èèyàn bíi pé òun ò já mọ́ nǹkan kan lẹ́nu iṣẹ́ náà mọ́.

Tó bá jẹ́ tiwa, báyìí ló ṣe máa ń rí. Fóònù dún, ẹ rí orúkọ ọmọ ìjọ lójú ẹ̀, ẹ pòṣé kẹ́ ẹ tó gbé e. Ẹnì kan ń sunkún níwájú yín, ẹ̀yin ń ka aago. Ẹ ń wàásù nípa ìfẹ́ Ọlọ́run, ohùn yín ń lọ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ẹ ń gbọ́ ara yín. Tẹ́ ẹ bá ti rí ara yín níbí, ẹ ti gbẹ, omi ló kù kẹ́ ẹ wá lọ.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní depression yàtọ̀ síyẹn. Kì í mọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ yín ń ṣeré, kò pa yín lẹ́rìn-ín. Oorun ò wá, tàbí ó wá kò lọ mọ́, oúnjẹ ò wọlé, ẹ ń dá ara yín lẹ́bi lórí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ lè máa rò ó pé á sàn tí ẹ ò bá sí mọ́. Tí irú ẹ̀ bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì lójoojúmọ́ tàbí ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ẹ̀, ìsinmi nìkan ò ní tó, ẹ lọ rí dókítà, màá dé orí ìyẹn. Kẹ́ ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni. Ní 2008 àwọn oníwádìí Yunifásítì Duke bi àwọn pásítọ̀ ìjọ United Methodist ní North Carolina ní Amẹ́ríkà léèrè, ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nígbà tó jẹ́ pé ìdá 5.5 ló wà láàárín àwọn ará orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀. Lẹ́yìn kòrónà, ní March 2022, ilé iṣẹ́ ìwádìí Barna bi àwọn pásítọ̀ ní Amẹ́ríkà bóyá wọ́n ti ronú láti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá láàárín ọdún kan, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni, wàhálà iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ kà sílẹ̀, dídá wà sì tẹ̀ lé e.

Dídá wà. Ẹ rí i pé èmi nìkan kọ́ ló ń sọ ọ́.

Èlíjà fi ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀

Àwọn kan á ní tí ìgbàgbọ́ bá dúró, ọkàn kì í rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí 1 Àwọn Ọba orí 19, kẹ́ ẹ sì kà á díẹ̀díẹ̀. Èlíjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ látorí Kámẹ́lì ni o, iná ti sọ̀kalẹ̀, òjò ti rọ̀, kò sí wòlíì tó tún fẹ́ rí ìṣẹ́gun tó jùyẹn lọ, Jésíbẹ́lì kàn ránṣẹ́ kan ṣoṣo sí i ló bá sá. Nǹkan tí à ń fò kọjá wà ní ẹsẹ 3, ó dé Bíá-Ṣébà, ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, òun nìkan wá rin ìrìn ọjọ́ kan wọ aginjù. Ìgbà tó dá wà tán ló jókòó sábẹ́ igi tó ní ó tó gẹ́ẹ́, Olúwa gba ẹ̀mí mi. Bí tiwa náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A ò ní gbé fóònù ọ̀rẹ́ wa mọ́, a ò ní lọ sí ìpàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ mọ́, a máa ní ọwọ́ wa dí, ọmọ ọ̀dọ̀ là ń fi sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà yẹn.

Ẹ wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Áńgẹ́lì ò wàásù fún un, kò bá a wí, ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde kó jẹun, oúnjẹ wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ó jẹ ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà padà wá lẹ́ẹ̀kejì, oúnjẹ náà ni, ó ní torí ọ̀nà náà jìn fún ọ. Ó sùn lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè kankan. Nígbà tó wá dé Hórébù tó ń ṣàròyé pé òun nìkan ló kù, Ọlọ́run ní ẹgbẹ̀rún méje wà ní Ísírẹ́lì tí kò tẹ eékún fún Báálì, ó sì rán an lọ sọ́dọ̀ Èlíṣà, orí náà sì parí síbi tí Èlíṣà ti dìde tó tẹ̀ lé e. Wòlíì tó fi ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ti ní ẹni tó ń bá a rìn nígbà tó máa parí.

Pọ́ọ̀lù náà kọ ọ́ síwèé fún ìjọ ẹ̀ ní 2 Kọ́ríńtì 1:8 pé ẹrù wọ òun lọ́rùn débi pé òun ò retí pé òun á tún wà láàyè mọ́, ìjọ ló kọ ọ́ sí o. Jésù ní Gẹtisémánì sọ fún àwọn mẹ́ta tó mú dání pé ọkàn òun bàjẹ́ gidigidi títí dé ikú, ó ní kí wọ́n bá òun ṣọ́nà. Tí Olúwa bá lè sọ fún Pétérù pé ẹ bá mi jókòó, kí ló dé tí èmi ò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?

Àwọn tó tún sún mọ́ ìgbà tiwa náà wà. Charles Spurgeon, gbajúgbajà oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó ń wàásù ní gbọ̀ngàn Surrey Gardens ní London ní October 19, 1856, èrò kún dẹ́nu, ẹnì kan pariwo iná, iná kankan ò sì jó, wọ́n tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, èèyàn méje kú. Ńṣe ni wọ́n ní láti gbé òun náà kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni kò fi lè wàásù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń padà wá bá a títí tó fi kú ní 1892, ó sọ ọ́ ní gbangba fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pásítọ̀ ẹ̀ kí wọ́n má bàa rò pé ohun tí ojú àlùfáà kan ò rí rí ló dé bá wọn, ó sì máa ń lọ sinmi ní Menton ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé Spurgeon ò nígbàgbọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wá ẹni náà

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Kì í ṣe ọmọ ìjọ yín, bó ti wù kó fẹ́ràn yín tó, torí lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ á tún jókòó síwájú yín, ẹ̀yin náà á sì máa wo ojú ẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń wàásù. Kì í ṣe ẹni tó lè gbé yín kúrò nípò tàbí tí ẹ̀yin lè gbé kúrò nípò, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kí òótọ́ jáde. Kì í sì ṣe ìyàwó yín tàbí ọkọ yín nìkan, ó yẹ kí wọ́n mọ̀, àmọ́ inú ìjọ kan náà ni wọ́n wà, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń dùn wọ́n, tẹ́ ẹ bá gbé gbogbo ẹ̀ lé wọn lórí ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ rì. Ẹ wá àlùfáà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tàbí ẹlẹgbẹ́ láti ìjọ míì pátápátá, ọ̀rẹ́ yín láti ilé ẹ̀kọ́ tó mọ̀ yín kẹ́ ẹ tó di ẹni ńlá, tàbí oníṣègùn ọkàn tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ẹ dán an wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré ná, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa tún gbọ́ ọ níbòmíì.

Ẹ dá ọjọ́ fún un, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì dáa, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà bí ẹ ṣe ń kọ ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Ẹ má dúró dìgbà tí nǹkan bá ń ṣe yín kẹ́ ẹ tó pè, torí ìgbà tí nǹkan bá ń ṣe wá gan-an la kì í fẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tí mò ń lọ bá, ìbéèrè mẹ́ta kan náà ló máa ń bi mí: báwo lo ṣe ń sùn, ta lo ń bínú sí, kí lo ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí o ò fẹ́ kí n mọ̀? Ìgbà àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìkẹta yẹn, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sí. Ó kàn dákẹ́ ni, ó ń wò mí. A jọ dákẹ́ títí mo fi sọ ọ́. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe ìránṣẹ́ Ọlọ́run, kò sẹ́ni tó dákẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀ rí, èmi ni mo máa ń dákẹ́ fún èèyàn.

Ìwà máa ń yìnrìn níbi tó ti rẹ̀ wá

A fẹ́ràn ká máa sọ pé èṣù dán pásítọ̀ báyìí wò ló fi ṣubú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti ẹni náà dáadáa, ẹ máa rí i pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí kò ti sùn dáadáa, tí ò sì ní ẹni tó lè bá sọ̀rọ̀. Ọtí tó ń rọra mu kó lè sùn, àwòrán tó ń wò lórí fóònù ní aago méjì òru, ọmọ ìjọ tó "gbọ́ ọ yé" ju ìyàwó ẹ̀ lọ, owó ìjọ tó yá tó ní òun á dá padà, ìbínú tó ń dà sórí àwọn ọmọ nílé lẹ́yìn tó ti rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò sọ pé kí rírẹ̀ di àwáwí, ẹ̀ṣẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ń jẹ́, ẹni tá a ṣẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ jọ̀ọ́ lẹ́nu wa, tó bá sì jẹ́ pé a ti pa èèyàn lára, àwọn tó ń bójú tó wa gbọ́dọ̀ gbọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ lábẹ́lẹ̀ ò tó fún ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ tètè máa wo ibi tó ń jò. Pọ́ọ̀lù sọ fún Tímótì pé kó kíyè sí ara ẹ̀ àti ẹ̀kọ́ ẹ̀, ara ẹ̀ ló kọ́kọ́ dárúkọ.

Nǹkan tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mi ò kí ń bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọ tàbí kí n fèsì mẹ́sẹ́jì tó bí mi nínú lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́. Màá kọ èsì náà sínú ìwé, ilẹ̀ á mọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń ya ìwé náà dànù. Tí mo bá sì ti pariwo mọ́ ọmọ mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú, kò sí pé èmi ni bàbá.

Ara náà ńkọ́

Ọjọ́ Ìsinmi kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi fún wa, iṣẹ́ là ń ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ míì nínú ọ̀sẹ̀, odindi ọjọ́, kẹ́ ẹ sì sọ fún ìjọ látorí pẹpẹ pé ọjọ́ báyìí mi ò ní gbé fóònù, alàgbà báyìí lẹ máa pè tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ pàjáwìrì. Ìjọ máa ń lóye ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ wa fẹ́ràn ọjọ́ Ajé, àmọ́ ọjọ́ Ajé ni ara máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìwàásù, ohun tó ṣe Èlíjà lẹ́yìn Kámẹ́lì náà ni, torí náà tó bá jẹ́ pé ẹ kàn ń sùn ìbànújẹ́ lọ́jọ́ náà ni, ẹ gbìyànjú ọjọ́ míì. Oorun wákàtí méje ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò. Ìṣọ́ òru dáa, àmọ́ ẹni tó bá ṣọ́ òru tí kò fi ọ̀sán sùn, ara ń kọ gbèsè ẹ̀ sílẹ̀. Jésù sùn nínú ọkọ̀ ojú omi, ìrọ̀rí wà lábẹ́ orí ẹ̀, ìjì ń jà.

Iṣẹ́ ńkọ́? Jẹ́tírò wo Mósè tó ń dá ẹjọ́ láti àárọ̀ títí dalẹ́, ó ní ohun tí ò ń ṣe yìí ò dáa, ó máa rẹ ìwọ àtàwọn èèyàn yìí. Ẹ kọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ ṣe lọ́sẹ̀ kan sílẹ̀, títí kan ṣíṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ fa ìlà sábẹ́ èyí tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é. Tèmi ò ju mẹ́rin lọ nínú ohun tó lé ní ogún. Ojú tì mí.

Nígbà tí àdúrà ò bá jáde

Ẹ má fipá mú un. Ẹ ka Sáàmù sókè, kẹ́ ẹ jẹ́ kí Dáfídì àtàwọn ọmọ Kórà gbàdúrà fún yín. Sáàmù 88 wà níbẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí "ṣùgbọ́n" kankan ní ìparí ẹ̀, Ọlọ́run sì jẹ́ kó wà nínú Bíbélì. Mo ka Sáàmù yẹn lálaalẹ́ fún bí oṣù kan. Lọ́jọ́ tí kíkà náà ò bá ṣeé ṣe, mo máa ń ní kí ìyàwó mi kà á, èmi á ṣe àmín.

Dókítà

Lúùkù tó ń bá Pọ́ọ̀lù rìn, oníṣègùn ni, Pọ́ọ̀lù kan náà tí aṣọ ìnujú ẹ̀ ń wo àìsàn sì tún sọ fún Tímótì pé kó máa lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú ẹ̀. Torí náà lílọ sí ọsibítù ò fi hàn pé ẹ ò gbàgbọ́. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ má sọ pé "ó kàn rẹ̀ mí díẹ̀", ẹ sọ iye wákàtí tẹ́ ẹ ń sùn, ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹ̀mí yín ń sú yín. Ó lè ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ tàbí thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà lọ́rùn, tí ò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fara jọ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Tó bá fún yín lóògùn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jáwọ́ lójijì nígbà tára bá ń yá, ẹ bá dókítà sọ ọ́.

Tó bá ti wá dórí pé ẹ ń ronú láti gbẹ̀mí ara yín, ẹ dá kíka èyí dúró, ẹ sọ fún ẹnì kan nísinsìnyí, ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, ẹ ní kó jókòó tì yín, kó gba oògùn tàbí ohunkóhun tẹ́ ẹ lè fi ṣe ara yín léṣe kúrò nílé, kó sì tẹ̀ lé yín lọ sí ọsibítù. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, ọsibítù ló kàn. Tó bá jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ yín lẹ rí tí ojú ẹ̀ ò dáa, ẹ bi í gbangba pé ṣé ò ń ronú láti para ẹ? Bíbéèrè ò ní kó o sí i lórí, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n ń dúró dẹni tó máa bi wọ́n.

Mẹ́sẹ́jì àkọ́kọ́

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa ń le jù, torí náà màá kọ tèmi sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú ọmọ yẹn, mo kọ ọ́ mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ: "Ẹ káàsán sà. Mo fẹ́ wá rí yín. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọ, èmi fúnra mi ni. Nǹkan ń ṣe mí, mi ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni." Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi fèsì. Kò kọ ẹsẹ Bíbélì kankan sí i. Ó ní, "Mo wà nílé. Máa bọ̀."